Ìbínú Folúkẹ́

Lọ́dún 1985 tí Folúkẹ́ ti ilé ìwòsàn ọpọlọ dé, ohun tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nínú fúláàtì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Festac ni pé kò sí ọ̀bẹ kankan mọ́ nínú kíṣíìnì. Àlùbọ́sà ló fẹ́ gé. Ó fa dúróà kan, ṣíbí ló bá níbẹ̀. Ó fa èkejì, ìdérí ìkòkò ló bá. Ibi tó ti ń wá a kiri ni Bíọ́dún, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti wọlé bá a, tó sì yára gba àlùbọ́sà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí Folúkẹ́, ẹ lọ jókòó jàre. Màá gé e."

"Ọ̀bẹ dà?"

"Wọ́n ti sọnù." Bíọ́dún ò wo ojú rẹ̀.

Folúkẹ́ jókòó sí pálọ̀. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dún ní yàrá tọkọtaya, lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ọ̀bẹ ń gé nǹkan lórí pákó. Inú bí i. Ó fẹ́ dìde, kó lọ béèrè pé ìgbà wo lòun fi ọ̀bẹ lé ẹnikẹ́ni rí. Ó dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe yọjú sí kíṣíìnì báyìí, Bíọ́dún fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo sítóòfù oníkẹrosíìnì tó ti ń yọ èéfín dúdú. Folúkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ní omi lòun fẹ́ mu. Ọjọ́ yẹn ló yé e pé nínú gbogbo ohun tí àìsàn gbà lọ́wọ́ òun, ìbínú wà nínú wọn. Ẹlòmíì lè bínú, kí wọ́n ní inú ló ń bí i. Bí òun bá bínú, wọ́n á ní ó ti tún dé.

Folúkẹ́ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ kó tó ṣàìsàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, tíṣà tó mọṣẹ́ sì ni, débi pé àwọn òbí a máa bẹ̀bẹ̀ pé kíláàsì rẹ̀ ni kí wọ́n fi ọmọ àwọn sí. Ikú ìyá rẹ̀ ló da nǹkan rú. Oorun ló kọ́kọ́ dá lójú rẹ̀, oúnjẹ tẹ̀ lé e, nígbà tó yá, ó ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìròyìn rédíò. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ, àárín títì ló dúró sí, tó ń dá ọkọ̀ dúró, tó ń bẹ àwọn èrò inú rẹ̀ pé kí wọ́n dárí ji òun. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Kò sọ òkò. Ìdáríjì ló ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo àdúgbò fi sọ́kàn ni pé ṣẹmíìsì abẹ́ aṣọ nìkan ló wọ̀ jáde.

Olúgbóyèga, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ènìyàn rere ni. Òun ló ń mú un lọ gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Àmọ́ ńṣe ló ń ṣe é bí ẹni tó ru ẹyin. Bí Folúkẹ́ bá rẹ́rìn-ín tó dùn dénú, á bojú wo ìyàwó rẹ̀. Bó bá dákẹ́, á ní, "Fólú, ṣé o ti lo oògùn rẹ?" Oògùn ọ̀hún ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó ń gbẹ itọ́ lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó ń lò ó, torí òun ló mọ ibi tóun ti ń bọ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bi í léèrè bí ibẹ̀ ṣe rí.

Nígbà tí iléèwé fẹ́ wọlé, ó wọ aṣọ tó bójú mu, ó lọ rí ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Fáṣínà. Dókítà ti kọ̀wé pé ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyáàfin Fáṣínà ka ìwé náà, ó ká a padà, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ ẹ ṣì lọ sinmi ná."

"Mo ti sinmi, mà."

"Ẹ tún sinmi sí i. Àwọn òbí ti wá bá mi. Wọ́n ní bí ẹ bá padà, àwọn á kó ọmọ àwọn lọ."

"Kí ni mo ṣe fún ọmọ wọn? Mà, ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà ń mutí wá síbí láàárọ̀, ó fi bẹ́líìtì bẹ́ ọmọ lójú lọ́dún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ sinmi."

"Ẹ ò rí i?" Ìyáàfin Fáṣínà rọra sọ ọ́, ó tiẹ̀ dà bíi pé àánú rẹ̀ ń ṣe é. "Ohùn yín ti ń lọ sókè."

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn fẹ́ fi jiyàn pé ohùn òun ò lọ sókè, bí kò ṣe ohùn yẹn náà? Folúkẹ́ kí i pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Lójú ọ̀nà, ó rántí tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ dá dúró sílé fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ tí ìyẹn padà, wọ́n se ìrẹsì, àwọn ọmọ kọrin fún un. Ikọ́ tó ń ràn mà ni o. Àìsàn tí kì í ràn ni wọ́n ń sá fún.

Ó pinnu pé òun ò ní gbé inú fúláàtì náà mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Agboju, obìnrin ará Ìṣẹ́yìn kan wà tó ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá Tájù ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ilé oníyàrá mélòó kan sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Folúkẹ́ ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ó lọ bá a, ó ní òun ń wá yàrá, kò sì fi bọpobọ̀yọ̀ sí i.

"Ìyá, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó gbọ́ tẹnu ẹlòmíì. Ọpọlọ mi dàrú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gbà mí sílé ìwòsàn. Ara mi ti yá, mo ṣì ń gba abẹ́rẹ́."

Ìyá Tájù ń wọn ṣúgà sínú ọ̀rá lọ́wọ́. Ó wọ̀n ọ́n tán, ó di í, kó tó gbójú sókè.

"Tíṣà, tó bá fẹ́ tún dé, báwo la ṣe máa mọ̀?"

Gbogbo ènìyàn ló ti ń béèrè lọ́kàn wọn bóyá yóò tún dé. Obìnrin yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi Folúkẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì bi í bí ẹni tó ń bi onílé nípa òjò.

"Mi ò ní í sùn," ni Folúkẹ́ wí. "Màá máa fọ aṣọ tó ti mọ́. Màá fẹ́ràn rédíò ju bó ṣe yẹ lọ."

"Ká wá ṣe kí ni?"

"Ẹ má pariwo lé mi lórí. Ẹ má pe èrò. Ẹ kàn mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, kódà bí mo bá ń bú yín."

"O ò lè bú mi tó àwọn oníbàárà mi," ni Ìyá Tájù wí. "Kó ẹrù rẹ wá."

Ibẹ̀ ni Folúkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́jà níwèé lọ́sàn-án, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn òbí kan kọ̀, àwọn kan ò kọ̀. Nígbà tí ọmọ àwọn tí ò kọ̀ wá mọ̀wé ju tàwọn tó kọ̀ lọ, bẹ́ǹṣì kún.

Àfi ọ̀rọ̀ Ẹ̀bùnlọlá tó ń dùn ún. Ọ̀dọ́bìnrin yìí ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó ti wà níbẹ̀ kí Folúkẹ́ tó dé, ara rẹ̀ sì ti yá kí Folúkẹ́ tó lọ. Òwú ló máa ń fi ń hun súẹ́tà fún ọmọ àwọn nọ́ọ̀sì. Ní gbogbo ìgbà tí Folúkẹ́ bá lọ gba abẹ́rẹ́, á yà sí wọ́ọ̀dù lọ kí i, á sì bá a níbi tó fi í sí, lẹ́bàá fèrèsé, nínú aṣọ ilé ìwòsàn.

"Ṣé wọn ò tíì wá ni?"

"Wọ́n á wá," ni Ẹ̀bùnlọlá máa ń wí. "Ọ̀nà ló jìn."

Alákijà, nítòsí Festac, ni ilé wọn. Ṣé Alákijà ni ọ̀nà tó jìn? Nọ́ọ̀sì kan ló ṣàlàyé fún Folúkẹ́ pé ilé ìwòsàn ti ránṣẹ́ sí wọn títí ó ti sú àwọn. Nígbà kan wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún Kérésì. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ò sì lè ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ sí títì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Folúkẹ́ wá ilé náà kàn. Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi, bàbá Ẹ̀bùnlọlá, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba àlejò rẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ohun mímu tútù wá, ó ń pè é ní ọmọ mi, títí ó fi gbọ́ orúkọ ẹni tó torí rẹ̀ wá.

"Ọ̀rẹ́ Ẹ̀bùnlọlá ni mí, sà. Ara rẹ̀ ti yá pátápátá. Ẹ̀yin ló ń retí."

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Ó padà wá jókòó.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Gbọ́, ọmọdé ni ọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní àfẹ́sọ́nà. Àwọn ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá mọ̀ wá. O mọ ohun tí wọ́n máa ń wádìí. Wọ́n á béèrè pé ṣé ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé yìí, ṣé wárápá wà níbẹ̀, ṣé wèrè wà níbẹ̀. Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n fi ọmọ kan ba tèkejì jẹ́ ni? Kí a ṣe ìgbéyàwó yẹn tán ná."

"Bí ẹ bá ṣe é tán ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ti ohun mímu tútù náà síwájú rẹ̀.

"Bí ẹ bá ṣe é tán, ìyàwó á lóyún, ẹ ó ní kó bímọ ná. Bó bá bímọ, ẹ ó ní kí ọmọ dàgbà ná. Sà, ọmọ yín ń jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Àìsàn mú un, ó gbàtọ́jú, ara rẹ̀ yá. Ẹ̀yin ni ẹ sọ ilé ìwòsàn di ẹ̀wọ̀n fún un."

Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi tẹjú mọ́ ọn. "Níbo ni o ti bá a pàdé?"

"Nínú wọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀dì wa ló kángun síra."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ọkùnrin náà wí, ara rẹ̀ sì wálẹ̀, ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ẹjọ́ ti dá láre. "Ó yé mi wàyí. Lọ sinmi, ọmọ mi. Ara tìrẹ náà kò tíì yá tán."

Ìyá Ẹ̀bùnlọlá ló sáré tẹ̀ lé Folúkẹ́ dé gééètì. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó di aṣọ kan àti bísíkíìtì sínú ọ̀rá, ó nà án sí i.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, mà."

"Bá mi fún un."

Folúkẹ́ wo ọ̀rá náà. Àánú obìnrin náà ṣe é, ìbínú sì kọjá àánú. "Ẹ gbé e lọ fún un fúnra yín," ló wí, ó sì kọjá lọ.

Nígbà tó dé Agboju, ó rọ́ ọ fún Ìyá Tájù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń lu ìka sórí káńtà. Lójijì ló wo ojú ìyá náà.

"Ẹ má rò pé ó ti dé o. Inú ló ń bí mi."

"Ìwọ nìkan kọ́," ni Ìyá Tájù wí. "Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, a gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i. Ṣé yàrá rẹ kò gba bẹ́ẹ̀dì méjì ni?"

Bí wọ́n ṣe jọ lọ mú un nìyẹn. Dókítà ní Ẹ̀bùnlọlá kì í ṣọmọdé, ó lè tẹ̀ lé ẹni tó bá wù ú. Ó bọ́ aṣọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá Ìyá Tájù tó tóbi jù ú lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo nǹkan ló ń bi wọ́n léèrè: ìgbà wo ni wọ́n kọ́ afárá yìí, kí ló dé tí búrẹ́dì fi wọ́n tó báyìí.

Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé, Bádrù tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ló gbé ọ̀rọ̀ wá. Ó ní òun ò lè bá wèrè méjì gbélé. Ìyá Tájù pè é síta lójú gbogbo ilé.

"Bádrù, ìwọ tí o ń lu ìyàwó rẹ títí ó fi ń sá wọ yàrá mi, ta ló ti ìwọ mọ́lé rí? Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ nìkan lẹ̀rù rẹ ń bà mí."

Bádrù ò kó lọ. Kò sì tún sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀bùnlọlá ń hun súẹ́tà ọmọ iléèwé, wọ́n ń gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn ń rà á. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 1987, tí oògùn wọ́n. Bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì á ní kí wọ́n lọ wá a ní ìta. Ní ìta, wọ́n á dé ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan, á ní kò sí, wọ́n á dé òmíràn, á ní bóyá lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé èèyàn lè sọ fún àìsàn pé kó dúró de oṣù tó ń bọ̀? Folúkẹ́ rí i pé oorun ti dá lójú Ẹ̀bùnlọlá. Ó rí i tó ń hun apá súẹ́tà kan tí kò lópin. Ibi tó ti ń múra láti gbé e lọ sílé ìwòsàn ni Ẹ̀bùnlọlá ti jáde lọ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí wọ́n ń dá oníbàárà lóhùn.

Ìhà Trade Fair, ibùdó ìpàtẹ ọjà, ni wọ́n ti gbọ́ròyìn rẹ̀. Nígbà tí Folúkẹ́ fi máa débẹ̀, àwọn géńdé kan ti fi okùn so ó mọ́ òpó kan, èrò pé jọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan da omi sí i lára. Ẹjẹ̀ wà ní ètè rẹ̀.

"Ẹ tú u," ni Folúkẹ́ wí.

"Àǹtí, ẹ kúrò níbẹ̀. Wèrè ni."

"Mo mọ̀. Èmi náà wèrè ni. Ilé ìwòsàn kan náà la ti wá. Ẹ wá so èmi náà."

Ẹ̀rín dá. Folúkẹ́ na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sókè dé ibi tó bá fẹ́ dé. Ó bi wọ́n pé kí ni ọmọbìnrin náà jí. Ó ní ta ló lù. Ó ní bí ibà bá gbé ọ̀kan nínú wọn ṣubú níbẹ̀, ṣé okùn ni wọ́n á fi wò ó. Ó ní kí ẹni tó da omi jáde wá sọ orúkọ ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní kó lọ sinmi. Àgbàlagbà oníṣòwò kan ló bẹ̀rẹ̀, tó tú okùn náà, tó sì bọ́ agbádá rẹ̀ bo Ẹ̀bùnlọlá. Ó bá wọn dá ọkọ̀.

Wọ́n gbà á sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n mọ ẹni tó ń bọ̀ wá mú un, kò sì pẹ́ tó fi jáde. Ṣùgbọ́n àpá wà ní ètè rẹ̀, kò sì fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ Trade Fair kọjá mọ́ láéláé.

Ìròyìn ọjọ́ náà dé Alákijà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Ẹ̀bùnlọlá yọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, òun àti ọkọ tí àbúrò Ẹ̀bùnlọlá fẹ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláníran. Ìyá náà kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀pẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún. Ọláníran ló sọ̀rọ̀.

"Àná ni màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ẹ wà láyé níbí," ló sọ fún Ẹ̀bùnlọlá. "Àbúrò bàbá tèmi ṣe irú àìsàn yìí. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti so èmi àti ìyàwó mi pọ̀. A ò bá ti wá tipẹ́."

Ìyá Tájù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, gbogbo èèyàn ń nu ojú. Folúkẹ́ nìkan ni kò lè dá sí i. Ó bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó di páálí mílíìkì kan mú. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn lẹ́bàá fèrèsé, ìtìjú tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n tì ni wọ́n fi jẹ ọmọbìnrin náà níyà.

Ọláníran ló tún fi ọkọ̀ gbé Ẹ̀bùnlọlá lọ kí bàbá rẹ̀. Folúkẹ́ bá wọn lọ nítorí Ẹ̀bùnlọlá ní òun ò lọ láìsí i. Wọ́n bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní pálọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan nínú àwọn àlejò ló tú yáyá.

"Alàgbà, ṣé èyí tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù nìyí? Ẹ káàbọ̀ o, ìyá. Ìgbà wo lẹ dé?"

Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí, mà," ni Ẹ̀bùnlọlá wí, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn. "Ilé ìwòsàn ọpọlọ ni mo wà. Agboju ni mo ń gbé báyìí."

Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi dìde, ó wọ yàrá lọ. Kò jáde títí wọ́n fi lọ. Kò fẹsẹ̀ tẹ Agboju rí títí ọdún yẹn fi parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ń wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó ń bá wọn ká òwú.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti wá mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìyá Tájù. Bí wọ́n bá ní obìnrin kan tí ara rẹ̀ yá tí kò sí ẹni tó wá mú un, wọ́n á ránṣẹ́ sí Tíṣà. Folúkẹ́ á kọ́kọ́ lọ bá ẹbí rẹ̀ nílé, ní Festac, ní Ṣúrùlérè, ibikíbi tó bá jẹ́. Á jókòó sí pálọ̀ wọn, á sì sọ ohun tó torí rẹ̀ wá láìbú ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn a gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á sì rọra béèrè bóyá ó ti lo oògùn tirẹ̀ lónìí.

"Mo ti lò ó," ló máa ń dáhùn. "Inú ṣì ń bí mi. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá mú ọmọ yín?"